Báwo la ṣe lè ka bí eré tẹlifíṣọ̀n ṣe ń gbé obìnrin àti ọkùnrin kalẹ̀, tí kò fi ní jẹ́ ojú lásán la fi wò ó?

Àbẹ̀kẹ́ Òǹwòran béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Àwa méjì fẹ́ yẹ eré tẹlifíṣọ̀n kan wò: sáà kan ṣoṣo, apá 13, ìṣẹ́jú 45 ní apá kọ̀ọ̀kan. A fẹ́ mọ irú ipò tí wọ́n fi obìnrin sí nínú rẹ̀, àti irú èyí tí wọ́n fi ọkùnrin sí. Ìdánwò Bechdel nìkan la mọ̀: ṣé obìnrin méjì wà níbẹ̀, ṣé wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ọkùnrin? Gbogbo apá tí a fi dán wò ló yege, síbẹ̀ ó dájú pé nǹkan kan wọ́ nínú eré yìí. Kí ni ká kà? Báwo ni ká ṣe kà á? Níbo ni irú iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ìgbésẹ̀ gan-an la fẹ́.

Afìṣirò-wòran dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè. Ìdánwò Bechdel ò burú, bí wọ́n ṣe ń lò ó ló máa ń burú. Inú àwòrán apanilẹ́rìn-ín ni Alison Bechdel ti gbé e jáde ní 1985, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé ọ̀rẹ́ òun, Liz Wallace, ló ni èrò náà. Odindi sinimá ni wọ́n fi wò nígbà náà. Apá ìṣẹ́jú 45 lè yege nítorí pé ìyá bi ọmọbìnrin rẹ̀ léèrè kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, tí ọmọ sì dá a lóhùn, kí àwọn ọkùnrin wá gba gbogbo ìyókù. Ìdánwò yìí lè sọ fún yín pé ilé ò ní òpó. Kò lè sọ bóyá òpó tó wà níbẹ̀ gbé nǹkan kan dúró, tàbí ọ̀dà ni wọ́n fi yà á sára ògiri.

Ohun tó máa wúlò fún yín jù ni èyí tí Gaye Tuchman, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ ní 1978. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà pa obìnrin rẹ́ lójú ìran: wọn ò ní fi í hàn rárá, tàbí kí wọ́n fi í hàn bí ẹni tí kò tó nǹkan, tàbí kí wọ́n dá a lẹ́bi nígbà tó bá kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni Bechdel lè rí. Méjì tó kù lè kún inú eré tí obìnrin ti pọ̀ ju ọkùnrin lọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ohun tó wọ́ nínú tiyín wà.

Ìpele mẹ́rin ni kí ẹ kà, kí ìpele kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú Excel. Ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ẹ̀dá ìtàn ló ṣáájú. Ẹ kọ gbogbo ẹni tó bá sọ gbólóhùn kan, ó kéré tán: ṣé ó ní orúkọ, ṣé ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọjọ́ orí rẹ̀ tó bí ẹ̀wádún mélòó, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ṣé a mọ̀ bóyá ó ní ọkọ tàbí aya, apá wo la sì ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Lórí iṣẹ́, ìbéèrè méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan: ṣé wọ́n sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wa, àti ṣé a rí i níbi tó ti ń ṣe é? Wọ́n lè sọ pé ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ ni obìnrin kan, kí apá 13 sì parí láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí ìwé kan lójú wa. Òfin tí mo máa ń fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé bí ọwọ́ rẹ̀ ò bá kan iṣẹ́ náà nínú ìran kan, ó kéré tán, “rárá” ni ìdáhùn ìbéèrè kejì.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbẹ́nu, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi sọ̀rọ̀. Méjèèjì kì í bára wọn mu. Obìnrin tó dá sí ọ̀rọ̀ nígbà 60, àáyá 2 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti sọ̀rọ̀ fún àáyá 120. Ọkùnrin tó gbẹ́nu nígbà 12 péré, àáyá 20 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti sọ 240. Bí ẹ bá ka iye ìgbà nìkan, obìnrin ló gba eré; bí ẹ bá ka àkókò, ọkùnrin ló fi ìlọ́po méjì jù ú lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ìró àkọ́kọ́, dá a dúró ní ìró ìkẹyìn, bí ìdákẹ́jẹ́ bá sì ju àáyá 2 lọ, ẹ dá aago dúró.

Sọ́fítíwíà tó ń fi ohùn mọ akọ yàtọ̀ sí abo wà. Ilé iṣẹ́ INA ní Faransé, tó ń tọ́jú àkójọ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ náà, lo irú rẹ̀ láti gbọ́ nǹkan bíi wákàtí 700,000 ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019: ohùn obìnrin kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ó dára fún ìròyìn àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Nínú eré, ó máa ń ṣì í: ó ń pe ohùn ọmọdé ní ti obìnrin, orin abẹ́ ọ̀rọ̀ ń da á rú, bí ènìyàn méjì bá sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ ti ẹni tí yóò mú. Fún apá 13, aago ọwọ́ yín sàn jù.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìran kọ̀ọ̀kan: ta ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ta ló pinnu, ta ni nǹkan yí padà fún? “Ìpinnu” yìí ni ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń kà, torí náà ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n. Èyí tí mò ń lò rèé: ìpinnu ni ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe tó jẹ́ pé, bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìran mìíràn níwájú kò ní lè rí bó ṣe rí. Kí obìnrin pariwo lé ọkọ rẹ̀ lórí, kí ọkọ sì ṣe ohun tó ti fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ìpinnu, bó ti wù kí ariwo náà pọ̀ tó.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ìgbẹ̀yìn. Ní apá 13, níbo ni ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan wà sí ibi tó wà ní apá kìíní? Ẹ wo àwọn obìnrin tí kò gbọ́ràn, àwọn tó fi iṣẹ́ ṣáájú, àwọn tí kò fẹ́ bímọ, kí ẹ sì wo àwọn ọkùnrin tó ṣe ohun kan náà. Bí ọkùnrin olórí kunkun bá di ọ̀gá, tí obìnrin olórí kunkun sì di ẹni tí ilé rẹ̀ tú, ẹ ti bá ìdálẹ́bi tí Tuchman sọ pàdé lójúkojú.

Wàyí o, ẹ̀yin méjì. Ẹ má jọ wò ó lórí àga kan náà. Ẹ yan apá méjì tàbí mẹ́ta, kí olúkúlùkù dá kà á ní ibi tirẹ̀, kí ẹ wá fi wé ara wọn. Ìdá tí ẹ fi gbà fún ara yín nìkan máa ń tan ènìyàn. Ká ní ìran 100 ni, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín kọ “obìnrin ló pinnu” sí 30, tí ẹ sì bára mu nínú 84. Ìdá 84 nínú 100 dùn létí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ojú dídì kọ 30 àti 70 yẹn, ẹ ṣì máa bára mu nínú 58: 0.3 lọ́nà 0.3, ká fi 0.7 lọ́nà 0.7 kún un. Ìṣirò kappa ti Cohen ń yọ oríire yẹn kúrò: (0.84 − 0.58) ÷ (1 − 0.58), ó di 0.62. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ń fẹ́ 0.80, ohun tó bá wà lábẹ́ 0.67 kò ṣeé gbé ọ̀rọ̀ lé. Òfin yín ló ní àbùkù nígbà náà, kì í ṣe ojú yín. Ẹ padà lọ tún ìtumọ̀ “ìpinnu” kọ, kí ẹ fi apá mìíràn dán an wò.

Ibi tó sì máa ń bàjẹ́ jù nìyí: wọ́n á dé apá keje, wọ́n á rí ohun tí òfin ò sọ, wọ́n á fi kún òfin, wọn ò sì ní padà sí apá mẹ́fà ìṣáájú. Èsì á wá fi hàn pé eré náà “yí padà ní àárín sáà”. Eré ò yí padà rárá, àwọn tó ń kà ló yí padà.

Akọ̀wé Ìran dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Afìṣirò ti là á mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tako wọn níbì kan. Kíkà tí a ń kà lẹ́yìn tí eré ti jáde ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í sọ ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé. Inú ìwé eré ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wọlé. Bí ẹ bá lè rí ìwé eré gbà, ẹ ka òun náà, ẹ ó rí ohun tí ojú ìran kò ní fi hàn yín.

Èdè wa gan-an ń tàn wá jẹ níbí. “Ó” là ń pe ọkùnrin, “ó” náà là ń pe obìnrin. “Adájọ́ wọlé, ó jókòó, ó ṣí fáìlì.” Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó sọ pé ọkùnrin ni adájọ́. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àna, ọ̀gá, dókítà, awakọ̀, bákan náà ni gbogbo wọn. Òǹkọ̀wé á wá gbà pé òun ò ṣègbè. Nígbà tí ìwé bá dé ọwọ́ ẹni tó ń yan òṣèré, ọkùnrin ni yóò fi ṣe adájọ́, ọkùnrin ni yóò fi ṣe awakọ̀, obìnrin ni yóò fi ṣe nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó pinnu rẹ̀. Àṣà ló pinnu fún wọn. Ibi tí òfo bá wà nínú ìwé eré, àṣà ni yóò dí i.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gba owó. Kí ìwé eré tó kúrò lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, kí ó to gbogbo ipò kéékèèké jọ, títí kan àwọn tó ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan, kí ó bi ara rẹ̀ pé: ṣé ìtàn á yí padà bó bá jẹ́ obìnrin? Bí kò bá yí padà, kí ó ju ẹyọ owó sókè, kí ó sì kọ èyí tó bá jáde sínú ìwé ní kedere. Geena Davis, òṣèrébìnrin tó dá ilé ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní 2004 lórí ọ̀rọ̀ yìí, sọ ohun tó sún mọ́ èyí ní 2013: ẹ yí orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn kan padà sí ti obìnrin, bí ìwé eré bá sì sọ pé èrò pé jọ, ẹ kọ ọ́ pé ìdajì wọn jẹ́ obìnrin. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ẹni tó ń kó èrò jọ lọ́jọ́ náà kò ní rántí.

Fún ẹ̀yin tó ń kà, ẹ mú gbólóhùn àwọn obìnrin, kí ẹ fi àmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìbéèrè, ìkìlọ̀, ìtùnú, àlàyé, àṣẹ, ètò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ọkùnrin. Nínú eré tó wọ́, ẹ ó rí i pé obìnrin ló ń bi “Kí ló ṣẹlẹ̀?”, òun ló ń sọ “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra”, ọkùnrin ló ń ṣàlàyé, òun ló ń pàṣẹ. Àkókò ọ̀rọ̀ wọn lè dọ́gba géérégé, síbẹ̀ kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó mọ̀, kí èkejì jẹ́ ẹni tí wọ́n ń sọ fún. Nọ́ńbà tí Ẹ̀gbọ́n fún yín kò ní fi ìyẹn hàn.

Ìdánwò mìíràn wà tí Kelly Sue DeConnick, tó ń kọ ìtàn aláwòrán, dá sílẹ̀: yọ obìnrin náà kúrò, fi fìtílà orí tábìlì sí ipò rẹ̀. Ṣé ìtàn ṣì dúró? Mo máa ń fi kún un pé kí a lẹ ìwé pélébé kan mọ́ fìtílà náà. Ọ̀pọ̀ obìnrin inú eré, iṣẹ́ ìwé pélébé yẹn ni wọ́n ń ṣe: wọ́n wá jíṣẹ́ ìròyìn kan fún ọkùnrin, wọ́n bá jáde.

Ẹ tún ṣọ́ obìnrin ẹyọ kan. Òǹkọ̀wé Katha Pollitt kọ nípa rẹ̀ ní 1991, pàápàá nínú eré ọmọdé: àwọn ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún, obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin gbọ́n, ọ̀kan jẹ́ ọ̀lẹ, ọ̀kan ń bínú, ọ̀kan ń dẹ́rìn-ín pa wá. Kí ni ti obìnrin? Obìnrin ni. Ìwà tirẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, gbogbo obìnrin ló ṣe é, torí kò sí ẹlòmíràn tí a lè fi wé e. Ìdí nìyí tí obìnrin “alágbára” kan ṣoṣo kò fi tún eré ṣe. Méjì tí ìwà wọn kò jọra ló ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Bí wọ́n bá lu obìnrin tàbí tí wọ́n pa á nínú eré, ẹ mú aago. Ìṣẹ́jú mélòó ni a fi wà pẹ̀lú òun tí ọ̀rọ̀ dé bá, ìṣẹ́jú mélòó ni a fi wà pẹ̀lú ìbínú ọkọ tàbí bàbá rẹ̀? Bí èkejì bá fi ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin jù, kì í ṣe ìtàn obìnrin náà ni wọ́n ń sọ.

Ojú Kámẹ́rà dáhùn:

Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì sọ, etí ló ń gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwòrán ńkọ́?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú. Olùwádìí Dane Archer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwọ̀n kan jáde ní 1983 tí ẹnikẹ́ni lè fi rúlà ṣe: dá àwòrán dúró, wọn láti orí dé àgbọ̀n, wọn gbogbo ibi tó hàn lára ẹni náà nínú férémù, kí o wá fi ti èkejì pín ti àkọ́kọ́. Orí sẹ̀ǹtímítà 6 nínú sẹ̀ǹtímítà 8 tó hàn jẹ́ 0.75. Orí sẹ̀ǹtímítà 4 nínú 20 jẹ́ 0.20. Ohun tí wọ́n rí nínú àwòrán ìwé ìròyìn àti àwòrán ọ̀dà ni pé ti ọkùnrin máa ń ga ju ti obìnrin lọ: ọkùnrin ni wọ́n ń ya ojú rẹ̀, obìnrin ni wọ́n ń ya ara rẹ̀. Ibi tó hàn nìkan ni kí ẹ wọ̀n o. Bí àga bá bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má fọkàn yàwòrán ẹsẹ̀.

Ẹ ò lè wọn gbogbo ṣọ́ọ̀tì. Bí ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ àáyá 4, apá ìṣẹ́jú 45 ní 675. Ẹ mú àwòrán kan ní gbogbo ààbọ̀ ìṣẹ́jú: 90 ní apá kan, 1,170 ní gbogbo sáà. VLC, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo fídíò, lè gé e fún yín láìjẹ́ pé ẹ jókòó tì í. Ẹ rí i dájú pé àwòrán náà kò fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì súnkì; èyí tí wọ́n ti gé láti bá fóònù mu kò wúlò rárá, torí wọ́n ti gé ara ènìyàn kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìgbà tí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ wọlé. Ibo lára rẹ̀ la kọ́kọ́ rí? Ṣé ojú ni, àbí bàtà, itan, ẹ̀yìn, tí kámẹ́rà wá ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀? Ojú ta la sì fi ń wò ó? Laura Mulvey, onímọ̀ nípa sinimá, ti ṣàlàyé èyí ní 1975: ọkùnrin ń wò, kámẹ́rà bá a wò, àwa náà bá kámẹ́rà wò. Nínú àtòpọ̀ àwòrán, ṣọ́ọ̀tì mẹ́ta ni: ojú ọkùnrin, ara obìnrin, ojú ọkùnrin padà. Bí ẹ bá rí mẹ́ta yẹn léra wọn, ẹ fi àmì sí i. Ẹ tún ka ṣọ́ọ̀tì tí ara ènìyàn wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò sí, ti obìnrin lọ́tọ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀. Ọwọ́ tó ń kọ̀wé tàbí tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kì í ṣe irú rẹ̀, iṣẹ́ ni ọwọ́ yẹn ń ṣe.

Èyí tó ká mi lára jù lọ, tí àwọn tó ń fi aago ka ọ̀rọ̀ kì í rí: ojú ta ló wà lójú ìran nígbà tí obìnrin ń sọ̀rọ̀? Ẹ́dítọ̀ lè fi ohùn obìnrin sílẹ̀ fún àáyá 20, kí ó sì fi ojú ọkùnrin tó ń gbọ́ kún 14 nínú rẹ̀. Lórí ìwé Ẹ̀gbọ́n Afìṣirò, obìnrin ti gba àáyá 20. Lójú òǹwòran, ìtàn ọkùnrin tí wọ́n ń bá wí ló wò. Ẹ fi òpó kan kún Excel yín fún “ohùn wà, ojú kò sí”.

Afìṣirò-wòran dáhùn:

Ojú Kámẹ́rà, mo gbà fún yín lórí ìyẹn pátápátá. Mo máa fi òpó náà kún tèmi. Ẹ̀yin Akọ̀wé Ìran náà jàre mi lórí àmì gbólóhùn. Àfikún kan péré: bí àmì bá pé mẹ́fà, ẹ retí pé kappa yín á kọ́kọ́ wálẹ̀, torí “ìkìlọ̀” àti “ìtùnú” máa ń jọra. Bí wọn ò bá yéé dàrú, ẹ so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan.

Ìyá Ìròyìn dáhùn:

Díẹ̀ lórí ìròyìn àti ìpolówó, torí inú wọn ni ipò akọ àti abo ti ń wọ ojú láìjẹ́ pé a fura.

Iṣẹ́ kíkà tó tóbi jù lórí ìròyìn ni Global Media Monitoring Project, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1995 tí wọ́n sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún, lọ́jọ́ kan náà káàkiri ayé. Nínú àwọn tí ìròyìn sọ nípa wọn tàbí tí wọ́n gbọ́ ohùn wọn, ìdá 17 nínú 100 ló jẹ́ obìnrin ní 1995. Ní 2020, ó di 25. Ọdún 25 nìyẹn, ìdá 8 ló fi gòkè. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún yín ni pé wọ́n ya ipò sọ́tọ̀: agbẹnusọ, onímọ̀, ẹlẹ́rìí ìṣẹ̀lẹ̀, ará ìlú tó sọ èrò rẹ̀. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, obìnrin tó ń sunkún níwájú ilé tó jó á dà bákan náà pẹ̀lú onímọ̀ iná tó ń ṣàlàyé ohun tó fà á.

Ẹ wo àkọlé abẹ́ àwòrán náà. “Ọ̀jọ̀gbọ́n” ni wọ́n kọ sábẹ́ ọkùnrin, orúkọ àbísọ nìkan sábẹ́ obìnrin tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n bíi tirẹ̀, tàbí “ìyàwó Lágbájá”. Àṣìṣe yìí rọrùn láti kà, ó sì rọrùn láti tún ṣe lọ́jọ́ kan.

Fún àwọn tó ń ṣe ètò fúnra wọn, ọ̀nà BBC tí wọ́n ń pè ní 50:50, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ṣiṣẹ́ nítorí pé ó kéré: lẹ́yìn ètò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ka àwọn tó hàn, ó ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tí ètò náà fúnra rẹ̀ yàn nìkan ni wọ́n ń kà. Bí ìròyìn bá jẹ́ ti olórí orílẹ̀-èdè, kò sí ẹni tó lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, torí náà wọn kì í kà á. Èyí ni kò jẹ́ kí àwọn oníròyìn máa wá àwáwí.

Ìpolówó: àwọn olùwádìí Leslie McArthur àti Beth Resko ti fi ọ̀nà hàn láti 1975. Ta ló wà ní àárín ìpolówó? Ṣé ẹni tó ń lo ọjà ni, àbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀ràn? Ṣé inú ilé ló wà tàbí lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé ó mú ẹ̀rí wá? Wọ́n rí i pé ọkùnrin ló sábà jẹ́ ọ̀mọ̀ràn, obìnrin ló sábà jẹ́ ẹni tó ń lò ó. Ẹ fi ohùn tó ń sọ̀rọ̀ láìfara hàn kún un, kí ẹ kà á lọ́tọ̀: obìnrin lè fọ aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ohùn ọkùnrin wá sọ ìdí tí ọṣẹ náà fi dára.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọkùnrin. Ní Ìlú Ọba, òfin tó kọ irú ìpolówó tó ń fi ipò akọ àti abo pa ènìyàn lára bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2019. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n dá dúró ni ti wàràkàṣì kan tí bàbá méjì ti ń jẹun títí tí ọkàn wọn fi kúrò lára ọmọ, tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń gbé oúnjẹ kiri sì ń gbé ọmọ lọ. Bàbá tí kò mọ ọmọ tọ́jú ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín, ohun tí ẹ̀rín yẹn sì ń sọ fún ìyá ni pé iṣẹ́ òun nìkan ni.

Àbẹ̀kẹ́ Òǹwòran dáhùn:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù. Bí a bá gbé èsì jáde, àwọn tó ṣe eré á ní “Bó ṣe rí láyé la fi hàn.” Kí ni ká sọ?

Akọ̀wé Ìran dáhùn:

Fífi nǹkan hàn yàtọ̀ sí fífọwọ́ sí i. Ẹ bi eré náà ní ìbéèrè mẹ́ta: lẹ́yìn tí wọ́n ṣe obìnrin náà níbi, ṣé ìran kan wà tí ohun tó ná an ti hàn? Ṣé ẹ̀dá ìtàn kan wà tó rí i pé kò dára, bí kò tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀? Ṣé orin àti ẹ̀rín ń sọ fún wa pé eré lásán ni? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, rárá, bẹ́ẹ̀ ni, eré náà ti fọwọ́ sí i.

Afìṣirò-wòran dáhùn:

Èmi á bá wọn lọ síbi tí ẹnu wọn wà. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ló rí láyé, ẹ gbé iye tòótọ́ láti ilé iṣẹ́ ètò ìṣirò ibi tí eré náà ti ṣẹlẹ̀ wá. Ká ní ìdá 35 nínú 100 dókítà ibẹ̀ jẹ́ obìnrin, tí dókítà 12 sì wà nínú eré, mẹ́rin ló yẹ kí wọ́n tó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, kì í ṣe ayé ni wọ́n fi hàn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ orí pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni obìnrin ti máa ń pòórá jù: ẹ ka àwọn tó ti lé ní ẹni 50 ọdún, akọ àti abo.

Ohun kan ni kí ẹ má sọ o. Ẹ má sọ pé eré yìí ló mú kí àwọn òǹwòran ronú báyìí tàbí báyìí. Olùwádìí George Gerbner àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ láti ìparí ẹ̀wádún 1960 ka ohun tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì tún lọ bi àwọn òǹwòran léèrè lọ́tọ̀. Iṣẹ́ méjì ni. Apá 13 yín lè sọ ohun tí wọ́n gbé sórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó gbé sínú ọkàn, ẹnu òǹwòran nìkan ni ẹ ti lè gbọ́ ọ.

Lórí àkókò: wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 45 ni gbogbo sáà yín. Wákàtí eré kan máa ń gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin láti kà, torí náà ẹ fi nǹkan bí wákàtí 30 sí 40 sílẹ̀, kí ẹ má sì kà ju wákàtí méjì lọ lójókòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ń rẹ̀, tí ènìyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ń retí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti apá kìíní: ẹ fi ìbò yan apá tí ẹ máa kọ́kọ́ kà, kí àárẹ̀ má baà ṣùrù bo àwọn apá ìparí níbi tí ìgbẹ̀yìn àwọn obìnrin náà wà.